Owó Òkèèrè àti Ìṣèlú Nàìjíríà: Ọ̀nà tó gba Rẹ́mọ kọjá

Láti kété lẹ́yìn òmìnira ni ẹ̀sùn pé olóṣèlú gba ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti ń dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọ Rẹ́mọ ló kan jù. Ní oṣù kọkànlá 1962, ìjọba àpapọ̀ gbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, olórí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), lọ sílé ẹjọ́ fún ọ̀tẹ̀. Ìjọba ní Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ ìjà ní Gánà, lábẹ́ Kwame Nkrumah, wọ́n sì kó ohun ìjà wọlé. Awólọ́wọ̀ ní òun kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1963, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Oṣù kẹjọ 1966 ni Gowon, olórí ìjọba ológun, tó dá a sílẹ̀.

Àpò tó gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ náà kò jìnnà tó Gánà. Ní 1962 kan náà, Ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker tọpasẹ̀ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn láti ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn, títí dé ilé-iṣẹ́ National Investment and Properties Company, àti láti ibẹ̀ dé ọwọ́ ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ náà dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, ó wẹ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, mọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì bínú gidigidi sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n owó àgbẹ̀ ni owó náà.

Òwò kòkó kò rí bí òwò obì. Ní Ìjòkú àti àwọn ìlú Rẹ́mọ yòókù tó para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, obì ni baba òwò. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fi ewé tẹ́ agbọ̀n kí wọ́n tó dì í fún oníṣòwò Hausa. Olówó obì àti olóbì ló ń nájà láàárín ara wọn. Ní ti kòkó, bọ́ọ̀dù ló ń dá iye lé e, iye náà sì máa ń kéré sí ti ọjà àgbáyé. Èyí tó ṣẹ́ kù, bọ́ọ̀dù ló ń tọ́jú rẹ̀. Ibẹ̀ ni olóṣèlú ti bu tiẹ̀.

Ní 1975, ìjọba ológun yan èèyàn 50 láti kọ òfin tuntun, Olóyè Rótìmí Williams ṣe alága. Awólọ́wọ̀ kọ̀, ó ní òun kò bá wọn jókòó. Òfin ọdún 1979 tó ti ibẹ̀ jáde ló ká ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́ kò: kò gbọdọ̀ ní owó nílẹ̀ òkèèrè, kò sì gbọdọ̀ tọ́jú èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí ni UPN, ẹgbẹ́ tuntun tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, ti díje.

Ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni òfin náà mú. Nígbà tí ológun fagi lé ìdìbò 12 oṣù kẹfà 1993, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, bíi Civil Liberties Organisation tó ti wà láti 1987, ló dúró ṣinṣin, owó àwọn àjọ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sì wà lára ohun tó gbé wọn ró. Ìjọba ológun Abacha pè wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó. Ẹ̀sùn yẹn kò tọ́: ta ni ìbá fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ nílé, nígbà tí ìjọba ń ti ilé ìròyìn pa, tó sì ń ju èèyàn sẹ́wọ̀n?

Abala 225 òfin ọdún 1999 di ìfòfindè náà mú. Owó tó bá ti òkèèrè dé ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ INEC, àjọ elétò ìdìbò, láàárín ọjọ́ 21. Òfin ìdìbò ọdún 2022 fi ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 5 náírà kún un, pẹ̀lú gbígbẹ́sẹ̀ lé owó náà. Òfin kan náà gbà kí olówó ilé fi owó tí kò ju mílíọ̀nù 50 náírà lọ ta olùdíje kan ṣoṣo lọ́rẹ.