Ibi Tí Ọfà Ń Jókòó
Kí ike kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ọrun òde òní tó dé, ọwọ́ tó di ọrun mú ni ọfà ń jókòó lé. Àwọn ọmọ ogun Mamluk ní Íjíbítì ń fi àtàǹpàkò fa ọsán, wọ́n sì ń gbé ọfà sí apá ọ̀tún ọrun. Àwọn tafàtafà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ Mary Rose rì ní 1545, ń fi ìka fà á. Apá òsì ni tiwọn. Àtàǹpàkò àti ìka kì í yí ọsán síbì kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún fà á, tó wá lẹ ike mọ́ apá ọ̀tún nítorí ìwé àtijọ́, ọfà rẹ̀ yóò máa já bọ́. Ẹ má ṣe mú ìṣe àwọn àgbà, kí ẹ wá fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀.