Ìwé Orúkọ Àwọn Ọmọ Ogun àti Wíwá Àwọn Baba Wa ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Nígbà tí àwọn Júù padà bọ̀ láti ìgbèkùn Bábílónì, àwọn kan wà nínú ìdílé àlùfáà tí wọ́n wá orúkọ wọn nínú ìwé ìran, ṣùgbọ́n wọn kò rí i. Nítorí náà ni a ṣe yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ìtàn náà wà nínú Ìwé Ẹ́sírà, orí kejì. Ó kọ́ wa bí ìwé orúkọ ti lágbára tó. Ó sì fi ewu kan hàn wá, èyíinì ni pé ẹni tí akọ̀wé gbàgbé lè dàbí ẹni tí a kò bí rí.

Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó ní baba kan tí a ń sọ nípa rẹ̀ pé ó bá òyìnbó lọ sí ogun, kò sì padà, tàbí pé a mú un lẹ́rú gba ojú omi lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ ń béèrè nísinsìnyí pé níbo ni ó kú sí, àti pé orúkọ wo ni ó ń jẹ́ níbẹ̀. Àwa fẹ́ sọ irú àkọsílẹ̀ tí ó wà, bí a ti lè lò ó, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹni tí ó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ìwé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1837 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Láti ọdún 1841 ni a sì ti ń kọ orúkọ olúkúlùkù nígbà ìkànìyàn, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ìwé àwọn ọmọ ogun wà, ti àwọn atukọ̀ wà, ti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ wà pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tí ẹni tí ó jókòó ní Ìjẹ̀bú-Òde lè kà wọ́n bí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù. Síbẹ̀ ìwé pàápàá a máa kú. Ní oṣù September ọdún 1940, àdó olóró àwọn ará Jámánì dáná sun ilé kan ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí a kó ìwé àwọn ọmọ ogun ọdún 1914 sí 1918 pamọ́ sí. Ohun tí ó ju ìdajì lọ nínú wọn ni ó jóná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò, nígbà náà, pé ìtàn ẹnu nìkan ni ó ń sọnù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni orúkọ àwọn ènìyàn wa gbà wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ti òwò ẹrú. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà ní ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọn a sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni akọ̀wé ti ń kọ orúkọ olúkúlùkù, ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀, àti àpá tàbí ilà tí ó wà ní ara rẹ̀. Ó lé ní 91,000 orúkọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ti Freetown àti ti Havana, tí a ti kó jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí etí akọ̀wé ti gbọ́ ọ ni ó kọ ọ́, láìsí àmì ohùn. Ṣùgbọ́n bí a bá kà wọ́n sókè, ọmọ Yorùbá yóò dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Láti Freetown, a fi àwọn kan sí ẹnu iṣẹ́ ọwọ́, a sì kọ àwọn mìíràn sínú iṣẹ́ ogun, pàápàá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun West India.

Níhìn-ín ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀, nítorí a a máa fún irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ní orúkọ òyìnbó. Ní oṣù June ọdún 1837, àwọn kan nínú wọn ṣọ̀tẹ̀ ní St. Joseph ní erékùṣù Trinidad. Olórí wọn ni Daaga, ọmọ ilẹ̀ Pópó; ṣùgbọ́n Donald Stewart ni a kọ sínú ìwé. Bí kì í bá ṣe pé ọ̀tẹ̀ náà mú kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, ta ni ìbá mọ̀ pé Donald Stewart kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Scotland?

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan rí ojúrere ju èyí lọ. Òṣífẹ́kùndé, tí a bí ní Makùn ní nǹkan bí ọdún 1798, ni àwọn ará Ìjọ mú lórí omi ní ọdún 1820, a sì tà á sí Bràsílì. Joaquim ni a ń pè é níbẹ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó sì gbé e dé Paris. Bí ó bá jẹ́ inú ìwé àwọn ìránṣẹ́ ni a ti ń wá a, Joaquim lásán ni à bá rí. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ará Fáráńsé kan, d'Avezac, mú un jókòó, ó bi í léèrè nípa ìlú rẹ̀, òbí rẹ̀, ọba rẹ̀ àti èdè rẹ̀, ó sì tẹ ohun tí ó gbọ́ jáde ní ọdún 1845. Ohun tí ó sọ Joaquim di Òṣífẹ́kùndé fún wa ni pé ẹnì kan béèrè.

Ọ̀nà kejì ni ogun Ìmàgbọ̀n. Ní oṣù May ọdún 1892, ní ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣẹ, Gómìnà Carter rán ogun sí Ìjẹ̀bú lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott. Àwọn ọmọ ogun Hausa láti Èkó àti Gold Coast wà nínú wọn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ West India tí a ti wí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí ó ti gba àwọn ọmọ ilẹ̀ wa nígbà kan rí ṣe wá dojú ìbọn kọ ilẹ̀ wa. Ọjọ́ 19 oṣù náà ni a ja ìjà ńlá ní Ìmàgbọ̀n, létí odò Yemoji; ní ọjọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀yẹ tí a kọ 1892 sí lára fún àwọn tí ó jà, ìwé orúkọ àwọn tí ó gbà á sì wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ́nù, títí di òní. Ti àwọn tí ó ṣubú létí Yemoji nítorí ilẹ̀ baba wọn ńkọ́? Wọn kò gba owó oṣù, a kò sì fún wọn ní nọ́ńbà. Oríkì agbo ilé ni ìwé wọn. Bí oríkì bá parẹ́, wọ́n parẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni ogun ńlá méjèèjì. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfríkà ní ogun ti 1914 sí 1918. Láti ọdún 1943 ni a sì ti ń kó wọn lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà. Àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Commonwealth ti fi orúkọ àwọn tí ó kú sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà, ipò, ẹgbẹ́ àti ọjọ́ ikú. Ní Taukkyan ní Bọ́mà, orúkọ tí ó fẹ́rẹ̀ tó 27,000 ni a fín sí ara òkúta ìrántí fún àwọn tí a kò mọ ibojì wọn, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà sì wà láàárín wọn. Kí olùwádìí rántí pé a a máa fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ ìkẹyìn fún sójà: ẹni tí ó jẹ́ Sàlámì ọmọ Odùsànyà nílé lè di Sàlámì Ìjẹ̀bú lójú ogun. Kí ó sì má ṣe sọ ìrètí nù bí kò bá rí i. Ní ọdún 1921 sẹ́yìn, kódà ṣáájú rẹ̀, a ti ń ṣe ojúsàájú nínú ìrántí òkú. Ní ọdún 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé, nínú àwọn òkú ogun kìíní, ó kéré tán 116,000, tí púpọ̀ jùlọ wọn jẹ́ ti Ìlà-Oòrùn Áfríkà àti Íjíbítì, ni a kò fi orúkọ rántí, àti pé 45,000 sí 54,000 mìíràn, tí àwọn ará wa wà lára wọn, ni a kò rántí bákan náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àìsí orúkọ nínú ìwé kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn kò kú.

Ìwé iṣẹ́ tí ó sún mọ́ wa jùlọ wà nínú ilé ìsìn wa. Ìwé ìrìbọmi ń sọ iṣẹ́ baba ọmọ; ìwé ìgbéyàwó ń sọ iṣẹ́ ọkọ àti ti àwọn baba méjèèjì. Nígbà tí Samuel mẹ́ta bá wà nínú ìjọ kan, iṣẹ́ ni ó ń yà wọ́n: ọ̀kan télọ̀, ọ̀kan káfíńtà, ọ̀kan oníṣòwò. Lẹ́yìn wọn ni ìwé ìjọba tí ó wà ní ilé ìṣúra ìwé ní Ìbàdàn, àti ti C.M.S. tí ó wà ní Birmingham.

Ṣùgbọ́n nílé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ tọ ìyá tí ó dàgbà jùlọ lọ, kí a gba oríkì ẹni náà lẹ́nu rẹ̀. Kí a béèrè régbérégbé rẹ̀; nítorí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a fi ń kó àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó bá sì mọ ẹgbẹ́ ti sún mọ́ ọdún ìbí. Kí a béèrè bóyá ó ti ń rìn kí Ìmàgbọ̀n tó ṣẹlẹ̀, bóyá a bí i ṣáájú lúkúlúkú ọdún 1918, bóyá ogun Hítílà ni ó lọ. Nígbà náà ni kí a tó ṣí ìwé.

Àwọn tí ó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́, ikán sì ń jẹ ìwé ìrìbọmi nínú àpótí. Nítorí náà a bẹ olúkúlùkù ìjọ kí ó ya àwòrán ìwé rẹ̀ sí ibi tí ó dájú, a sì bẹ olúkúlùkù ìdílé kí ó kọ oríkì àti régbérégbé àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọdún yìí. Akọ̀wé òyìnbó kọ ohun tí ó gbọ́. Èyí tí kò gbọ́ wà lọ́wọ́ wa láti kọ.