Àwọn Tí Kò Yẹsẹ̀ Lẹ́yìn Fẹlá

Nígbà tí Tony Allen, onílù Fẹlá, kú ní Paris ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, ilé ayé gbà pé ọwọ́ òun àti Fẹlá ni Afrobeat ti jáde. Inú mi dùn sí i. Onílù ni èmi náà. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ni mo ti kọ́ dírọ́ọ̀mù, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí tí orin bá dùn tán, tó jẹ́ pé akọrin nìkan ni wọ́n ń náwó fún. Àmọ́ ìyìn Africa 70, ẹgbẹ́ Fẹlá, kò gbọdọ̀ parí sórí Tony. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n má yẹ̀, kí wọ́n di ohun kan mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ni a kò tíì yìn tó, olórí wọn sì ni Lékan Anímáṣahun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún Tony ní tirẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1940. Ó ń ṣiṣẹ́ rédíò nígbà tó ń fetí kọ́ ìlù lọ́wọ́ Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jáàsì ní Amẹ́ríkà. Igi méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá. Ní 1964, Fẹlá pè é pé kó wá lù kí òun gbọ́; láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Fẹlá ṣì ń jẹ́ Koola Lobitos ni wọ́n sì ti jọ ń bọ̀. Àwọn yòókù, Fẹlá ló ń sọ ohun tí wọn yóò ta tàbí tí wọn yóò fọn fún wọn. Tony nìkan ló ń ro ìlù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí dírọ́ọ̀mù rí mọ ìnira kí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì máa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹni tó ń jó máa gbọ́. Nítorí owó àti ìyìn ló fi kúrò lọ́dọ̀ Fẹlá ní 1979.

Ṣùgbọ́n orí kí ni Tony ń lù lé? Orin Fẹlá máa ń gùn. "Zombie" ju ìṣẹ́jú 12 lọ, àwọn mìíràn sì gba odidi ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó ń ta gìtá ténọ̀ kì í yí ohùn padà. Ìlà kúkúrú kan ni yóò máa ta, kò gbọdọ̀ yára, kò gbọdọ̀ fà, kò sì gbọdọ̀ fi àrà kún un. James Abayomi ń lu igi, Isaac Ọláléye ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Henry Kofi wà nídìí kóńgà. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni a sì ń lẹ owó mọ́ lórí, ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá ṣìnà, ọ̀rọ̀ ìyáàlù dàrú. Ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ṣe fún Fẹlá nìyẹn.

Ẹ wo Oghene Kologbo, tó ń ta gìtá ténọ̀. Tí orin bá sọ sí Fẹlá lọ́kàn ní òru, á kùn ún sí Kologbo létí, Kologbo á sì fi í pamọ́ sórí, á gbé e jáde fún ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìdánrawò. Orí ènìyàn ni wọ́n fi ṣe rẹ́kọ́dà! Àwọn obìnrin tó ń gberin náà ńkọ́? Nígbà tí àwọn ṣójà jó Kalakuta, ilé Fẹlá, ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, wọ́n fi ojú wọn rí màbo, síbẹ̀ wọ́n tún padà sórí ìtàgé.

Wàyí o, Bàbá Ani. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe Anímáṣahun nìyẹn. Ó ti wà níbẹ̀ láti 1965. Saksofóònù ńlá tí ohùn rẹ̀ wúwo, tí wọ́n ń pè ní bárítónù, ló ń fọn, òun sì ni ìsàlẹ̀ tí gbogbo fèrè yòókù dúró lé. Igo Chico, tó ń fọn ténọ̀, lọ ní 1973, Fẹlá sì gbé fèrè náà fúnra rẹ̀ nínú "Gentleman". Lẹ́yìn eré Berlin ní 1978, ọ̀pọ̀ òṣèré fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bàbá Ani kò lọ. Ẹgbẹ́ di Egypt 80, òun ló ń darí àwọn òṣèré. Fẹlá kú ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997. Ṣeun, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, bọ́ síwájú ẹgbẹ́, Bàbá Ani ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwo tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, *Low Profile*, 1979 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, 1995 ló tó jáde. Ọdún 16 ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi dúró, òun náà kò sì yéé ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Empire Hotel ní Ìdí-Òrò, níbi tí Fẹlá ti ń ṣeré, kò jìnnà sí Bàrígà. Àwọn àgbà wa tó máa ń lọ síbẹ̀ ṣì ń sọ nípa aṣọ Fẹlá, ẹnu Fẹlá àti igbó Fẹlá. Mo máa ń bi wọ́n léèrè ẹni tó mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló fẹ́ fi àrà bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fún wọn, títí wọn yóò fi lè mi ín láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin láìsáré. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí kò lè lu ìlù Tony láé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo Africa 70 nílé, ẹ yí ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ ka àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè fún àwọn ọmọ yín. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tí ẹ bá fi orin náà sí afẹ́fẹ́, ẹ dárúkọ àwọn tó lù ú. Nígbàkígbà tí a bá sì kọ ìtàn Afrobeat, kí orúkọ Bàbá Ani wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tony: Tony dá ìlù náà sílẹ̀, Bàbá Ani sì gbé ẹgbẹ́ ró fún ọdún 32, títí Fẹlá fi kú, àti lẹ́yìn ikú rẹ̀ pẹ̀lú.