ojú-owó ọjà tí a tà

àpólà-orúkọ. Gbogbo owó tí a ná kí ọjà tí a tà láàárín àkókò kan tó di ohun títà.

Ojú-owó nìkan wọ́pọ̀ lọ́jà: *Ojú-owó ni mo tà á fún ọ*, ìyẹn ni pé òǹtajà kò jẹ èrè kankan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣì í mú fún *ojúlówó*, tí í ṣe ohun tí kò ní àbùlà.

Ìlò. Lẹ́nu alájàpá, ojú-owó ni iye tí ó fi ra ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe ọjà fúnra rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, kí a gbà pé olùṣe gàrí kan ní abúlé kan lẹ́bàá Akanran, ní Ọ̀nà-Àrà, ní ẹ̀gẹ́ ₦20,000 nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ó ra ti ₦180,000 sí i, ti ₦10,000 sì ṣẹ́kù. Ó ti lo ₦190,000. Owó àwọn tó bó o àti àwọn tó yan án jẹ́ ₦60,000. Ti ẹ̀rọ àti igi ìdáná, ₦40,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦290,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni èyí tí a ti lọ, tí a dì sínú àpò kí omi rẹ̀ lè ro: kì í ṣe ẹ̀gẹ́ mọ́, kò sì tíì di gàrí. Bí irú rẹ̀ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù bá jẹ́ ₦15,000, tí ti ìparí sì jẹ́ ₦25,000, ojú-owó gàrí tó parí di ₦280,000. A ó fi gàrí ₦40,000 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, a ó yọ ₦60,000 tí a kò tíì tà. Ó ku ₦260,000. Bí ó bá ta ọjà náà ní ₦310,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦50,000. Ẹni tó ka ẹ̀gẹ́ tó rà nìkan yóò sọ pé òun jèrè ₦130,000, yóò sì máa jẹ ojú-owó rẹ̀ láìmọ̀.

Owó ọkọ̀ pín sí méjì. Èyí tó gbé ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ibi iṣẹ́ wà nínú ojú-owó; èyí tó gbé gàrí lọ sọ́jà Ìbàdàn jẹ́ ìnáwó títà, a ó yọ ọ́ lára èrè lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ọmọ àti aya tí a kò sanwó fún kì í sábà wọ ìwé, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ṣe é.

Fún atúmọ̀-èdè. *Owó tí a fi ra ọjà* bá alájàpá nìkan mu. *Ojú-owó ọjà tí a ṣe* ni ₦280,000 òkè yìí, ó ka èyí tí a kò tíì tà mọ́ ọn. *Iye owó ọjà* sì burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí iye tí a ń tà á ni òǹkàwé yóò rò.