Yíyan Ẹ̀rọ DNS lórí Ìlà Onílà: Ìtàn Kan láti Agbègbè Tin Can Island

Yorùbá gbà pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí òwe náà kò mẹ́nu bà ni irú ẹni tí a ń bi. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá tẹ orúkọ ojú-ewé kan, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ mìíràn léèrè nọ́ńbà rẹ̀. Ètò ìbéèrè àti ìdáhùn yìí ni DNS, èyí tí Paul Mockapetris gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983.

Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì ti dí èbúté Àpápá pa ní ọdún 1975. Ìwé pọ̀ níbẹ̀ bí kòńténà ṣe pọ̀. Bí àwọn aṣọ́bodè ṣe ń gbé ìwé ẹrù sórí kọ̀ǹpútà, ajẹ́ntì tó ń gba ẹrù jáde kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìlà tó ń lò kì í ṣe tirẹ̀: ó lè jẹ́ ti kafé ní Ajégúnlẹ̀, ti ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ ní Àpápá, tàbí ti iléeṣẹ́ fóònù. Bí ẹ̀rọ àlejò bá ṣe ń wọ orí ìlà báyìí ni onílà ń fún un ní nọ́ńbà ẹ̀rọ DNS tí yóò máa bi léèrè. Onílé ló yan afọ̀nàhàn. Àlejò kì í sábàá mọ̀ pé a yan ẹnikẹ́ni. Bí afọ̀nàhàn náà bá purọ́, ẹni tó fẹ́ san owó ibodè lè bá ara rẹ̀ lójú-ewé àwọn gbájúẹ̀.

Àyè láti yan ẹlòmíràn ṣí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. OpenDNS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Google gbé 8.8.8.8 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Cloudflare gbé 1.1.1.1 jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. Ẹni tí DNS onílà rẹ̀ ń falẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀kan nínú wọn sínú ẹ̀rọ rẹ̀, bí onílé kò bá ti tì í pa.

Ìjọba ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2017, àjọ NCC pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dí orúkọ ojú-ewé 21. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dá Twitter dúró, ìdádúró náà kò sì kúrò títí di oṣù Kìíní ọdún 2022. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní oṣù Keje ọdún náà pé kò bá òfin mu. VPN ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wọ̀ nígbà náà, ó sì ní ìdí: ẹni tó ni ọ̀nà lè dí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, yálà àlejò mọ nọ́ńbà ilé tó ń lọ tàbí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Tọ́kì ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí ìjọba wọn dí Twitter, wọ́n ń kọ 8.8.8.8 sára ògiri ìgboro. Kí oṣù náà tó parí, àwọn onílà ibẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ tiwọn kalẹ̀ tó ń dáhùn bí ẹni pé òun ni Google.

Èyí ṣeé ṣe nítorí pé gbangba ni ìbéèrè DNS àtijọ́ ń kọjá. Láti ọdún 2016 ni ìlànà ti wà fún fífi àṣírí bò ó, Android 9 sì gbé e wọ inú fóònù ní ọdún 2018. Onílà kò lè ka ìbéèrè náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń rí nọ́ńbà tí àlejò ń lọ, ó sì lè dí ọ̀nà ìbéèrè náà pátápátá. Ẹni tó sì sá fún onílà ti fi gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lé iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe ohun tó yẹ kí a fojú kéré. Ní ọ́fíìsì, ìṣòro mìíràn tún wà tí a kì í sábàá rò tẹ́lẹ̀: orúkọ àwọn ẹ̀rọ abẹ́lé, DNS ọ́fíìsì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ajẹ́ntì tó yí i padà ní Àpápá lè rí gbogbo ayé, kí ó má sì rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.