Olódùmarè àti Ọlọ́run Bíbélì: Àríyànjiyàn Ọmọ Ìkòròdú àti Ọmọ Kwoi



Ọ̀rọ̀ kan ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀ láàrin àwa Yorùbá Kàdúná. Ìyá àgbà á bẹ̀rẹ̀ sí ki ọmọ ní oríkì, ìyá ọmọ á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ti abọ̀rìṣà ni. Ẹlòmíràn yọ Ifá kúrò nínú orúkọ tí baba rẹ̀ ń jẹ́, ó fi Jésù rọ́pò rẹ̀. Kristẹni ni mí, mo sì ti rò pé ọ̀rọ̀ ayé òde òní lèyí. Ìgbà tí mo ka ìtàn ìjọ àkọ́kọ́ ni mo mọ̀ pé ó ti lé ní 1,800 ọdún.

Justin, tí wọ́n pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 165, kọ́ni pé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti gbin irúgbìn òtítọ́ sọ́kàn ènìyàn kí a tó bí Jésù. Ó ní Socrates, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì, rí nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Tertullian ará Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, kò gbà. Ó bèèrè ohun tó pa ọgbọ́n Gíríìsì pọ̀ mọ́ Jerúsálẹ́mù, ó sì ní inú ọgbọ́n náà ni ẹ̀kọ́ òdì ti ń wá.

Irú ìjiyàn yìí tún wáyé ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, ọmọ Ìkòròdú, tó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà lẹ́yìn náà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè jáde. Ó ní Yorùbá ti mọ Ọlọ́run kan ṣoṣo kí òyìnbó tó dé, ìránṣẹ́ Rẹ̀ sì ni àwọn òrìṣà. Ẹni tó takò ó ni Byang Kato, ọmọ Kwoi, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná wa yìí. Ìgbàjà, láàrin Yorùbá Kwara, ni Kato ti kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, ibẹ̀ náà ló sì padà sí láti kọ́ni. Inú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwọn Jaba ni wọ́n bí i sí, kò sọ̀rọ̀ bí àlejò. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1975, ó ní mímọ̀ pé Ọlọ́run wà kò tó fún ìgbàlà, àti pé bí a bá ń da ẹ̀sìn pọ̀, a ó sọ Kristi nù. Ó kú lọ́dún náà ní Mombasa, ọmọ ọdún 39.

Ní ọdún 1992, Kwame Bediako ará Ghánà kó Justin, Tertullian, Ìdòwú àti Kato sínú ìwé kan. Ó fi hàn pé ìbéèrè kan náà ló wà níwájú gbogbo wọn: bí mo bá gba Kristi, kí ni kí n ṣe sí ohun tí àwọn baba mi fi sílẹ̀?

Èrò tèmi rèé. Bí a bá ju gbogbo rẹ̀ nù, a ò ní rí ọ̀rọ̀ tí a ó fi gbàdúrà. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó parí ní ọdún 1884, kò wá orúkọ àjèjì fún Ọlọ́run. Ọlọ́run àti Olódùmarè tí àwọn baba wa ń pè ló wà níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa náà ń pe orúkọ wọ̀nyí. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ ọmọ Kwoi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù: orúkọ lásán kò gba ẹnikẹ́ni là.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà ki ọmọ rẹ̀. Oríkì kì í ṣe ẹbọ; ó ń sọ ẹni tó bí ọmọ fún un ni. Ẹni tí Ifá wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, kó sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ, kó má fi tijú. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín jìnnà sílé tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún jìnnà sí orísun wọn.

Olódùmarè yóò dá ẹgbẹ́ wa sí. Àmín.