Àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti 1854: Ta Ni Ó Ni Omi?

Nígbà tí a bá dárúkọ òfin tí ó de orílẹ̀-èdè mọ́ orílẹ̀-èdè lórí omi, ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa sáré lọ sí òkèèrè, sí The Hague tí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé wà, tàbí sí New York tí Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè fi ṣe ibùjókòó. Wọn kì í sábà rántí Ẹ̀pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854, ọba Yorùbá kan àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó dá lórí èbúté, lórí òwò àti lórí owó ibodè. Ìwé náà kò pẹ́ láyé. Kò pé ọdún 10 tí ó fi di ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe wáyé àti bí ó ṣe parẹ́ fi ohun kan hàn tí ó ṣì kan àwọn ará etí omi títí di òní: àdéhùn orí omi kì í lágbára ju ìjókòó tí a ti ṣe é lọ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá sí ní ìjókòó náà.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí omi yìí ti tẹ́. Láti Èkó, ọ̀sà nà lọ sí àríwá dé Ìkòròdú, ó sì nà lọ sí ìlà-oòrùn kọjá Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́. Ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan ni ó pààlà láàrin rẹ̀ àti òkun. Orí ilẹ̀ náà ni Orímẹ̀dú àti Lẹ́kí wà. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, omi gba Àgbádárìgì kọjá dé Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láì fojú kan ìgbì òkun. Omi yìí ní òfin tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àwọn oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà, àwọn ìlú ń dá ọjọ́ ọjà tí ọ̀tá pàápàá lè ná, ọba tí ó bá sì bínú sí aládùúgbò rẹ̀ lè ti ọ̀nà mọ́ ọn títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Ní 1845 ni Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò lórí ìtẹ́ Èkó. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Ìdí tí wọ́n sọ ni láti pa òwò ẹrú rẹ́. Ṣùgbọ́n òwò epo pupa tí ń pọ̀ sí i, àti ìfẹ́ láti ní ọ̀nà tí kò ní ìdíwọ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, 1852, Akíntóyè tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú wọn. Kòsọ́kọ́ ní tirẹ̀ gba orí ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì fún un láyè láti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ìdí nìyí tí Ẹ̀pẹ́ fi ní apá méjì títí di òní, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn onílé àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ wá. Ọdún Káyòkáyò tí wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi ń rántí ìgúnlẹ̀ rẹ̀.

Ọba tí a lé kò jókòó lásán. Ó ní ìbọn, ó ní ọkọ̀, ó sì ní àwọn oníṣòwò lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹjọ 1853, ó kó ogun orí omi wá bá Èkó, díẹ̀ ni ó sì kù kí ó gbà á. Akíntóyè kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú sì jọba. Ohun tí ó wá ń dun àwọn oníṣòwò Èkó ju ogun lọ ni pé epo láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lè gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí etíkun, kí ó sì wọ ọkọ̀ òyìnbó láì dé Èkó rárá. Benjamin Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, rí i pé agbára nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó bá Kòsọ́kọ́ pàdé ní Láńgbàsà ní oṣù Kìn-ín-ní 1854. Ní oṣù Kẹsàn-án, àdéhùn wáyé ní Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí ìwé náà wí kò ṣòro láti kà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn olóyè rẹ̀ gbà pé àwọn kò ní gbìyànjú láti gba Èkó padà, àti pé àwọn yóò kọ òwò ẹrú sílẹ̀. Kọ́ńsù gbà pé Palma, ìyẹn Orímẹ̀dú, ni èbúté Kòsọ́kọ́ fún òwò tí ó bófin mu. A là á sílẹ̀ pé owó ibodè yóò wà lórí epo àti eyín erin tí ó bá jáde níbẹ̀. A sì ṣe ìlérí owó ọdọọdún fún Kòsọ́kọ́: ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000, èyí tí í ṣe 200 ọ̀kẹ́, tàbí dọ́là 1,000.

Bí onímọ̀ òfin bá fara balẹ̀ wo ìwé yìí, ohun méjì ni yóò rí. Èkíní ni pé ọkùnrin tí a fi ìbọn ńlá lé jáde ní 1851 ti padà di ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bá jókòó gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ kan. Nínú òfin àárín orílẹ̀-èdè, ìgbàmọ̀ jẹ́ ohun ńlá: ẹni tí a bá bá ṣe àdéhùn ni a ti gbà pé ó ní ilẹ̀, ó ní ènìyàn, ó sì lè mú ìlérí ṣẹ. Ohun tí Kòsọ́kọ́ kò rí fi ogun gbà ní 1853, ó rí apá kan rẹ̀ gbà lórí ìwé ní 1854.

Èkejì ni ó ṣòro jù. Ta ni ó ni Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n jókòó sí? Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, àlejò Awùjalẹ̀ sì ni Kòsọ́kọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, Awùjalẹ̀ kọ́ ni ó bá Campbell tọwọ́ bọ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ará Orímẹ̀dú tí a fi etíkun wọn ṣe èbúté fún ẹlòmíràn. Yorùbá a máa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí ti jẹ́ òfin láàrin wa tipẹ́tipẹ́. Ní 1969, ní ìlú Vienna, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí òfin tí yóò máa darí àdéhùn gbogbo, wọ́n sì kọ ọ́ sínú abala 34 rẹ̀ pé àdéhùn kò lè di ẹrù lé orílẹ̀-èdè tí kò gbà á. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n gbà dé ibi tí òwe náà ti wà.

Àdéhùn tí kò ní ju ẹni méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣòro láti yẹ̀. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, 1861, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti wọ inú ọ̀sà tí a sì ti halẹ̀ mọ́ Dòsùnmú, ó tọwọ́ bọ ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Abala 52 nínú òfin Vienna wí pé àdéhùn tí a fi ìhalẹ̀ agbára gbà kì í ṣe àdéhùn rárá. Ṣùgbọ́n òfin náà kì í wo ẹ̀yìn, kò sì sí irú rẹ̀ tí Dòsùnmú lè ké pè ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà yìí ni ìjọba tuntun ti Èkó ti nílò owó ibodè láti fi gbé ara rẹ̀ ró. Èbúté tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Palma àti Lẹ́kí wá di ihò tí owó ń gbà jò. Wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, wọ́n fún un ní owó ìfẹ̀yìntì, ó sì yọ̀ǹda Palma àti Lẹ́kí fún wọn ní 1863. Nígbà tí àwọn tí ó kù ní Ẹ̀pẹ́ kò fara mọ́ ọn, ìjọba Èkó kó ogun orí omi lọ bá wọn ní ọdún náà, wọ́n sì sun ìlú. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Àgbádárìgì pẹ̀lú bọ́ sí abẹ́ wọn. Báyìí ni àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ṣe parẹ́.

Ìkòròdú ni ó kàn. Ìlú Rẹ́mọ yìí ni ẹnu ọ̀nà láti orí ọ̀sà lọ sí Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n wà ní ìjà pẹ̀lú Ìbàdàn, kò fẹ́ kí ìbọn àti ẹ̀tù gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì fẹ́ kí òwò máa gba Abẹ́òkúta. Wọ́n dó ti Ìkòròdú. Ní ojú wọn, ẹni tí ń jagun ní ẹ̀tọ́ láti ti ọ̀nà mọ́ ọ̀tá rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè òyìnbó pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú òkun. Ní ojú Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó, ọ̀nà òwò gbọ́dọ̀ là. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 1865, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi ìbọn àti ọ̀kọ̀ oníná tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. Inú àwọn ará Ìkòròdú dùn pé a gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìjókòó kan tí Ẹ̀gbá, Rẹ́mọ, Ìbàdàn àti Èkó ti pinnu ohun tí ó yẹ lórí ọ̀nà náà. Ìbọn ni ó dájọ́.

Lẹ́yìn èyí, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé jókòó fúnra wọn. Àdéhùn wọn ti ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, 1889 fa ìlà gba odò kékeré Àjàrá kọjá, omi tí kò ní ẹnubodè tẹ́lẹ̀ sì pín sí méjì. Àjàṣẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Àgbádárìgì bọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà yẹn ni ó di ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin.

Ohun tí ó yí padà ní ọ̀rúndún ogún ni pé àwọn tí a ń fá orí lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìjókòó. Ní oṣù Karùn-ún 1975, Èkó gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti tọwọ́ bọ àdéhùn tí ó dá ECOWAS sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, 1982, Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó tọwọ́ bọ Òfin Òkun ní Montego Bay ní Jàmáíkà. Òfin yìí fún orílẹ̀-èdè etíkun ní máìlì òkun 12 gẹ́gẹ́ bí omi tirẹ̀ gan-an, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ẹja àti ohun àlùmọ́nì títí dé máìlì òkun 200. Orílẹ̀-èdè kékeré bí Tógò ní irú ẹ̀tọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ibi tí ó kù sí. Ó pe olè orí omi ní ajalèlókun bí ó bá jalè ní ìta máìlì 12 náà nìkan. Bí ó bá wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè onílé ni. Olè kò mọ ìlà. Ó lè jalè ní omi ẹnì kan, kí ó sì sá wọ ti ẹlòmíràn. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà fi ṣe ìlànà ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Yaoundé ní oṣù Kẹfà 2013, Nàìjíríà sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ajalèlókun ní 2019. Àǹfààní rẹ̀ hàn láìpẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2020, àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ apẹja Hailufeng 11 ní etíkun Côte d'Ivoire. Ojú omi tí ó wà ní gúúsù Èkó ni ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà ti mú wọn, ní oṣù Keje 2021 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó fi ẹni 10 nínú wọn sẹ́wọ̀n ọdún 12. Lórí irú omi tí ìbọn nìkan ti ń dájọ́ ní 1865, adájọ́ ni ó dájọ́ ní 2021.

Èyí kò wí pé ẹ̀kọ́ Ẹ̀pẹ́ ti parí. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kìn-ín-ní, 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté òkun jíjìn ti Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5. Etíkun tí Kòsọ́kọ́ àti Campbell dúnàádúrà lé lórí ní 1854 ti padà di èbúté, ọkọ̀ tí ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ sì tóbi ju ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè rò lọ. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwé àdéhùn pọ̀: ti ìjọba, ti oníléeṣẹ́, ti ayánilówó. Apẹja Ẹ̀pẹ́, awakọ̀ Ìkòròdú àti onílẹ̀ etíkun Ìbẹ̀jú ni ó mọ omi náà jù, àwọn ni ìyípadà sì ń kàn kí ó tó kan ẹlòmíràn.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní òfin òkun lè bẹ̀rẹ̀ láti Montego Bay, kò sì ṣì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tètè mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ìwé àdéhùn gbogbo kí ó tó ka abala kìn-ín-ní rẹ̀: àwọn wo ni ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ta ni olórí tí a ń fá orí rẹ̀, ṣé ó sì wà níbẹ̀?